Ọdún Tí A Fi Ń Ka Èémí Mi ní Jọ́ọ̀sì

Òórùn ìyẹ̀fun pákó tó ń jó ló jí mi lọ́jọ́ náà. Òórùn tó dùn ni, ó jọ ti búrẹ́dì tó jóná díẹ̀ nídìí, ara mi sì máa ń balẹ̀ bí mo bá ti gbọ́ ọ, nítorí ó túmọ̀ sí pé bàbá mi ti jí ṣáájú mi, ó sì ti rántí mi. Ọyẹ́ mú gan-an. Nínú ọgbà ilé wa ní Gangare, omi inú garawa tutù débi pé ọwọ́ ẹni máa ń kú bí a bá tì í bọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì, ọ̀fìnkìn sì ti ń bá mi jà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó béèrè bóyá mo ti fọ ẹnu. Mo fẹ́ dáhùn pé, "Rárá, mà, omi kò tíì gbóná." "Rárá" nìkan ló jáde. Mo fa èémí, "mà" tẹ̀ lé e. Mo tún fà á, kò sí ohun tó wọlé. Tíṣà ni ìyá mi, gbólóhùn tí kò parí kì í dùn mọ́ ọn nínú. "Sọ gbólóhùn rẹ tán, Mojí," ló máa ń wí, ohun náà ló sì wí láàárọ̀ yẹn. Ìgbà náà ló wá wò mí dáadáa. Ó rí èjìká mi tó ń gòkè tó ń sọ̀, ó rí ibi tí ọ̀fun mi ń jìn wọnú. Ó gbọ́ ohun tó ń dún nínú àyà mi, fée, fée, bí ìgbà tí kẹ́tùlù fẹ́ hó. Tówẹ́ẹ̀lì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí i rí kí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

Ará ilé kejì wa ló fi ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ gbé wa dé ọsibítù. Bàbá mi jókòó lẹ́yìn, ó gbé mi lé itan bí ọmọ ọwọ́, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ mi lójú nínú òtútù yẹn. Ohun tí mo rántí jù ni pé mo ń wo bó ṣe ń mí láìronú nípa rẹ̀, mo sì ń jowú rẹ̀. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ sí iṣan apá, díẹ̀díẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ẹnìkan tú okùn tó fi dì mí láyà. Dókítà sọ fún àwọn òbí mi pé ikọ́ fée ni, pé kì í ṣe òtútù lásán, àti pé ọ̀fìnkìn ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún un lára mi. Ó ní àwọn ọmọ kan ń kú nínú rẹ̀. Ó rò pé mo ti sùn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí. Pákó ló ń tà ní ọjà Katako, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi kì í ti í dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èkìtì ni ìyá mi ti wá, iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba ló gbé e dé Plateau. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Bukuru nítorí pé Bukuru ló ń gbé, ni olórí ẹbí wa ní gbogbo agbègbè náà. Bí Bàbá Bukuru bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá mi kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Òun ló ṣe agolo iná tó máa ń wà nínú yàrá mi. Agolo ọ̀dà ńlá ni, ó lu ihò sí i nísàlẹ̀. Á gbé ìgò kan dúró láàárín rẹ̀, á da ìyẹ̀fun pákó yí ìgò náà ká, á sì máa fi ọmọ odó gún un títí yóò fi le bí búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà á yọ ìgò náà jẹ́jẹ́, á fi iná sí i láti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá dì í dáadáa, agolo kan á jó láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ láìyọ ahọ́n iná, èéfín rẹ̀ kò sì ní í hàn sójú. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Katako ló ní irú rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dì bí bàbá mi. Bí mo bá sín lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, á ti lọ di agolo. Á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, á ti fèrèsé, á fi àpò dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí òtútù má bàa rí ọ̀nà wọlé.

Láàárín ọdún kan tó tẹ̀ lé e, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n tún gbé mi dé ọsibítù. Dókítà ti fún wa ní hóró oògùn àti ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń tẹ̀ sẹ́nu, tí bàbá mi sọ ní páǹpù. Kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ìyá mi wé e sínú aṣọ, ó tì í mọ́ inú àpótí. Ó ní kí a tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le, kí ó má bàa mọ́ mi lára. Nítorí náà, ìgbà tí àyà mi bá dí pátápátá ni gbogbo ilé tó ń wá kọ́kọ́rọ́ àpótí.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sọ mí ní Mojí Kẹ́tùlù. Bí mo bá ń bọ̀, ẹnìkan á ní, "Ẹ gbé ife wá o, tíì ti hó." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mi kì í gùn, nítorí ẹ̀rín gan-an máa ń mú un dìde.

Lẹ́yìn ìgbà kẹrin ni Bàbá Bukuru wá sílé wa. Ọ̀sán Sunday ni. Kò mu omi tí wọ́n gbé fún un.

"Àkànní," ó pe bàbá mi, "òtútù Jọ́ọ̀sì yìí ni yóò pa ọmọ yìí. Kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ooru wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Òkú a máa lọ sílé ẹ̀kọ́ ni?"

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fún wa láyè díẹ̀ sí i."

"Ìyàwó, mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fìnkìn bá tún gbé e dé ọsibítù lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, èmi fúnra mi ni n ó wá kó ẹrù rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìyá bàbá mi, mo sì ti lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni ìyá mi wà. Jọ́ọ̀sì ni mo ti mọ ènìyàn, Haúsá sì yá mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Mo tún mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò dá mi padà sí kíláàsì bí mo bá ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Oko àti ọjà ni n ó máa bá Ìyá lọ. Láti ọjọ́ Sunday yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sín nítòsí mi, mo máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mi ní ọsibítù ni Sístà Kaneng, obìnrin Bẹ̀ròm kan tó máa ń fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Haúsá ló ń bá wa sọ. Nítorí ìyẹ̀fun tó máa ń wà nínú irun bàbá mi, ó ń pè mí ní 'yar katako, ọmọ onípákó. Nígbà tí ìyá mi ròyìn ohun tí Bàbá Bukuru wí, Sístà kò sọ pé Bàbá ṣì í sọ. Ó ní kí ìyá mi mú ìwé kan. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n fa èémí kíkún lẹ́ẹ̀kan, kí n sì máa ka nọ́ńbà títí èémí yẹn yóò fi tán. Ibi tí mo bá kà á dé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

"Àyà rẹ̀ á ti sọ fún yín kí ó tó pariwo," ó wí. Ó ní bí nọ́ńbà náà bá wá sílẹ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kí wọ́n máa gbé mi bọ̀, kí wọ́n má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Ó ní kí páǹpù kúrò nínú àpótí lọ́jọ́ náà, kí a máa lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́ ní gbàrà tí ọ̀fìnkìn bá yọjú. Ó tún béèrè bóyá èéfín wà nínú ilé. Ìyá mi ní rárá, ìta la ti ń dáná. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń dáná, kò sì sẹ́ni tó ka yàrá mi kún ibi ìdáná.

Bí àwọn tó ń ka pákó ní Katako ṣe ń kà nígbà tí lọ́rì bá ń já ẹrù ni mo ṣe kà á, ní Haúsá, kíákíá, láìdánu dúró. Ọgbọ̀n ni mo dé lọ́jọ́ kìíní.

"Ọmọ Èkìtì ló ń ka nǹkan ní Haúsá nínú ilé mi?" ni ìyá mi wí, bírò lọ́wọ́.

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni," ni bàbá mi dáhùn. "Tíṣà, ẹ kọ ọgbọ̀n síbẹ̀. Bí a bá ní kó kà á ní Yorùbá, kó tó pe mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tán, èémí rẹ̀ á ti pin."

"Ẹ̀yin náà ẹ kà á ká gbọ́."

Bàbá mi fẹ̀ àyà, ó kà á. Ó ń lọ dáadáa títí ó fi dé ogójì, ni ikọ́ bá dá a dúró. Ìyá mi kọ ogójì sílẹ̀ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì fi ààmì sí i bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé.

Ọ̀fìnkìn tún mú mi nígbà òjò, nítorí òjò Jọ́ọ̀sì náà ní òtútù tirẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ páǹpù lọ́jọ́ kìíní. Bàbá mi di agolo. Mo máa ń ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, mẹ́tàdínlógún. Bàbá mi rí i pé òtútù ló ń borí, ó di agolo náà kíkankíkan sí i. Díẹ̀ ló kù kí a lọ sí ọsibítù nígbà náà. Orí ló kó mi yọ.

Kò ju oṣù kan lẹ́yìn náà tí bàbá mi gba ìhà Oǹdó lọ láti lọ wo igi. Òjò pa mí bí mo ṣe ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ọ̀fìnkìn sì tún dé. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀ nítorí pé bàbá mi kò sí nílé. Ìyá mi fi súwẹ́tà méjì wọ̀ mí, ó fún mi ní kúnú gbígbóná mu, a sì ń tẹ páǹpù. Ọ̀sẹ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ kíyè sí i pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Sístà Kaneng ló kíyè sí i nígbà tí a gbé ìwé náà lọ hàn án ní ọsibítù. Ó fi ìka tẹ ojú ewé náà. "Kí lẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ọ̀fìnkìn wà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àárọ̀ kò já bọ́."

"A ò ṣe nǹkankan," ni ìyá mi wí. "Bàbá rẹ̀ ló rìnrìn àjò."

Sístà wò ó gba orí gíláàsì. "Ṣé bàbá rẹ̀ ló ń kó ikọ́ ràn án ni?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì parí tó fi dúró lẹ́nu rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó di agolo," ó wí pẹ̀lẹ́, ní Yorùbá, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún Sístà, mo sì fi ọwọ́ júwe bí bàbá mi ṣe ń fi ọmọ odó gún ìyẹ̀fun náà àti bó ṣe ń fi àpò dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Sístà pa ojú dé díẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe ìdáná lóòótọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n èéfín ni. Ọ̀fìnkìn á ti mú ọ̀nà èémí rẹ̀ wú, èéfín á wá fún ìwọ̀nba tó kù pa. Ẹ̀yin á rò pé òtútù ni, ẹ ó tún fi iná kún un."

Kò pariwo mọ́ wa. Ì bá tilẹ̀ sàn kí ó pariwo.

Nígbà tí bàbá mi dé, ìyá mi sọ fún un lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, kò tíì bọ́ bàtà. "Èmi?" ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ. Ó wọlé, ó gbé agolo náà jáde, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí gọ́tà, ó sì fi òòlù lù ú títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ọjọ́ náà, kì í gbé aṣọ iṣẹ́ wálé mọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Katako ni yóò ti wẹ̀ nínú òtútù ìrọ̀lẹ́, tí yóò ti pààrọ̀ aṣọ kó tó máa bọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lè wò mí lójú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò mọ bí a ṣe ń dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọyẹ́ tún dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni mo sín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó sáré nínú ilé wa. Ìyá mi mú ìwé, páǹpù ti wà lórí tábìlì. Mo wọ súwẹ́tà, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo fi ṣáàlì bo imú àti ẹnu kí atẹ́gùn tútù má bàa wọlé ṣánṣán. A ṣí fèrèsé ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Bàbá Bukuru yọ sí wa. Ẹnìkan ní ọjà ti sọ fún un pé mo ń sín, ó sì ti gba àyè fún mi nínú mọ́tò tí yóò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé.

"Ta ló ṣí fèrèsé fún ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn? Nínú ọyẹ́? Ṣé orí yín pé, ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ẹ jókòó ná, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Agolo dà?"

"Mo ti bà á jẹ́." Bàbá mi kò dọ̀bálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó dúró gbọnin níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ dúró tì wá di Sátidé. Bó bá dé ọsibítù kó tó di ìgbà náà, ọwọ́ ara mi ni n ó fi gbé ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò."

Bàbá Bukuru dúró. Ó jókòó sórí àga kan ní ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó di fìlà mọ́ etí, ó ń wo fèrèsé bí ẹni ń wo olè. Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, nọ́ńbà mi wálẹ̀ sí méjìdínlógún. Fée bẹ̀rẹ̀, kékeré, nísàlẹ̀ àyà. Mo gbọ́ ọ, mo sì rí i lójú Bàbá Bukuru pé òun náà gbọ́ ọ. Ìyá mi mú mi jókòó gúnlẹ̀, ó tẹ páǹpù sí mi lẹ́nu, ó ní kí n fà á kí n sì dì í mú. Ó ṣe é bí ó ṣe wà nínú ìwé, kò fi kún un, kò yọ kúrò. A dúró. Bàbá mi ń wo aago. Ohùn ẹlòmíràn kò sí nínú ilé ju tèmi lọ nígbà tí mo tún kà á: ogún, mọ́kànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún.

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Bàbá Bukuru wí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́rìnlélógún.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bàbá Bukuru fi àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ní kí n mí, ó dẹ etí sílẹ̀. Ó wá yíjú sí bàbá mi, ó ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ agolo náà fún òun dáadáa. Bàbá mi ṣàlàyé. Bàbá Bukuru ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Iná èédú la gbé sí yàrá Lékè," ó wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi èédú kún un."

Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Bàbá mi tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ọmọ Bàbá Bukuru ni Lékè, pé ó ti kú kí wọ́n tó bí mi, àti pé òtútù Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń dá lẹ́bi fún un láti gbogbo ọdún yẹn wá. Ìyá mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Bukuru, ó kàn wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá Bukuru dìde, ó ní kí n bá òun dé gáréèjì. Ó mú mi dé iwájú dírẹ́bà mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. "Fún ẹlòmíràn láyè yẹn," ó wí. "Ọmọ wa kò lọ mọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi àyè náà ṣeré o."

"Èmi náà ni mo ní kí o fún ẹlòmíràn. Jọ́ọ̀sì ni yóò ti parí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀."

A gba ọ̀nà òkè padà sílé. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ eruku sí wa lójú, ṣáàlì wà ní imú mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, n kò sì nígboyà tó bẹ́ẹ̀ mọ́: páǹpù wà nínú àpò mi, òmíràn wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kì í sì í gun òkè kankan láìkọ́kọ́ fọwọ́ kan àpò yẹn. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà kò fọwọ́ kan nǹkankan. Nígbà tí a dé ìdajì òkè, mo gbọ́ ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àyà mi já, mo sì dúró láti dẹ etí sí ara mi. Kì í ṣe èmi. Bàbá Bukuru ni, ó ti fi ọwọ́ lé orúnkún lẹ́yìn mi lọ́hùn-ún, ó ń jùwọ́ sí mi pé kí n máa lọ. Mo gun òkè náà dé orí, mo jókòó sórí òkúta, mo sì dúró dè é.